Mi Ò Dáná, Mo Kàn Gbé E Wọlé Ni

"Ilé aṣọ rèé o!" Ìyá Oníbéèrè ń fọwọ́ pa àgọ́ náà lára bí ẹni ń yẹ ewúrẹ́ wò lọ́jà. "Ṣé èyí ló máa gba èèyàn mẹ́rin?"

Bí wọ́n ṣe ń pè é ládùúgbò nìyẹn, nítorí ìbéèrè kì í tán lẹ́nu rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ obìnrin tó ń ránṣọ àti ọkọ ọmọ náà tó ń kun mọ́tò ló mú un wá sétí adágún tó wà lẹ́yìn ìlú, kí wọ́n lè fi òpin ọ̀sẹ̀ najú. Ọmọ-ọmọ rẹ̀, tí gbogbo wọn ń pè ní Bọ́tìnì, ti so mọ́ ọn lára bí bọ́tìnì lóòótọ́.

Ọ̀gá ibùdó, obìnrin kan tó dé fìlà fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀, ti mú wọn wo yàrá onípákó, gbàgede tí èèyàn lè sùn sínú mọ́tò rẹ̀ sí, àti àgọ́ tó wà létí omi.

"Èwo ni ẹ fẹ́, mà?"

"Èwo ni mo ti lè máa gbọ́ ohùn omi?"

"Àgọ́ ni, mà."

"Ẹ̀fọn ńkọ́?"

"Àwọ̀n wà lójú fèrèsé rẹ̀."

"Tí mo bá fẹ́ tọ̀ ńkọ́?"

"Màmá!" ni ọmọ rẹ̀ ké.

"Kí ló dé? Ṣé ìwọ kì í tọ̀ ni?"

Ọ̀gá ibùdó rẹ́rìn-ín, ó nawọ́ sí ilé ìyàgbẹ́ lẹ́yìn igi. "Ohun kan ni mo fi ń bẹ̀ yín, mà. Ẹ má dáná nínú àgọ́."

"Ta ló fẹ́ jó ara rẹ̀ mọ́lé?"

Àtiwọ àgọ́ di ìran àpéwò. Orí Ìyá ti wọlé, ìdí kọ̀ jálẹ̀ síta. "Ẹ tì mí!" ló ń pariwo. "Ṣé ìdí mi ló tóbi ni, àbí ilẹ̀kùn yín ló kéré?" Àwọn ará àgọ́ kejì rẹ́rìn-ín títí, òun gan-an sì rẹ́rìn-ín dé ibi tí omijé fi bọ́ lójú rẹ̀.

Wọ́n yan ẹja lórí ààrò èédú kékeré kan tó ṣeé gbé, wọ́n jẹ ẹ́. Bàbá Bọ́tìnì wọ ẹ̀wù amúniléfòó fún un, àwọn méjèèjì sì ń ṣeré létí omi. Ìyá jókòó sórí òkúta.

"Bọ́tìnì, ṣé ẹja máa ń sùn?"

"Ó máa ń sùn, Màmá àgbà. Tíṣà wa sọ bẹ́ẹ̀."

Kò pẹ́ tó tún fi bi í ní ìbéèrè kan náà.

Nígbà tó di ọwọ́ ìrọ̀lẹ́, òjò ṣú, atẹ́gùn tutù. Eyín Bọ́tìnì ń lu ara wọn. Bàbá àti ìyá rẹ̀ sáré kó ẹrù lọ sínú mọ́tò, òjò sì ká wọn mọ́bẹ̀. Ìyá wo ààrò: èédú ti pọ́n dáadáa, kò rú èéfín mọ́. Ó fi aṣọ gbá ààrò náà mú, ó gbé e tẹ̀ lé Bọ́tìnì wọnú àgọ́, ó fa síípù ẹnu ọ̀nà pa, ó fa ti fèrèsé náà pa.

"Ṣé ara rẹ ti móoru?"

"Ó ti móoru." Bọ́tìnì gbórí lé e lẹ́sẹ̀.

Nígbà tó ṣe díẹ̀, ọmọ náà ní, "Màmá àgbà, orí ń fọ́ mi."

"Omi tó o wọ̀ ni."

Ó sọ ọ́ tán ló fura pé orí tòun náà ń fọ́. Òòyì ń kọ́ ọ, èébì ń gbé e. Ó wá bi ara rẹ̀ ní ìbéèrè gidi kan. Ọmọ yìí wọ omi, orí ń fọ́ ọ. Èmi tí mi ò wọ omi, kí ló ń fọ́ mi lórí?

"Bọ́tìnì, ṣé ẹja máa ń sùn?"

Bọ́tìnì kò dáhùn.

Àyà Ìyá já. Ó fa síípù ṣí, ó wọ́ ọmọ náà jáde sínú òjò, ó figbe ta. Ọ̀gá ibùdó, tó ń yẹ okùn àgọ́ wò nítòsí, sáré dé. Ó gbé ọmọ náà lọ sábẹ́ òrùlé kan tí kò ní ògiri, ó sì bojú wo inú àgọ́.

"Mà! Ṣebí mo ní kẹ́ ẹ má dáná níbẹ̀!"

"Mi ò dáná! Ìta la ti dá a. Mo kàn gbé e wọlé ni! Kò tiẹ̀ rú èéfín."

"Èyí tí kò rú èéfín yẹn gan-an ló ń tanni jẹ, mà. Èédú tó ń jó máa ń tú atẹ́gùn olóró jáde. Kò ní òórùn, ojú kì í rí i. Tẹ́ ẹ bá há a mọ́lé, ẹ̀yin lẹ máa fà á símú. Á kun èèyàn lóorun, onítọ̀hún lè má jí mọ́."

Ìyá jókòó sínú ẹrọ̀fọ̀.

Bọ́tìnì wúkọ́, ó lajú díẹ̀. "Ó máa ń sùn," ló sọ ní ohùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

"Ta ló máa ń sùn, ọmọ mi?"

"Ẹja. Àmọ́ kì í pajú dé."

Ẹkún àti ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu Ìyá pa pọ̀. Bàbá àti ìyá Bọ́tìnì sáré dé, wọ́n gbé àwọn méjèèjì lọ sílé ìwòsàn, wọ́n fi ọ́síjìn sí wọn nímú, dókítà sì ní bí Ìyá ṣe tètè wọ́ ọ jáde ló gba ọmọ náà là.

Ẹ̀yin tí ẹ ń lọ sétí omi lọ najú, ẹ gbọ́ o. Ìta gbangba ni ààrò èédú, síítóòfù gáàsì àti jẹnẹrétọ̀ ń gbé. Ẹ má gbé wọn sínú àgọ́, sínú mọ́tò, tàbí sínú yàrá, ì báà jẹ́ pé ẹ ṣí fèrèsé, ì báà jẹ́ pé iná náà ti fẹ́ kú. Tí òtútù bá ń mú ọmọ, ẹ bọ́ aṣọ tútù lára rẹ̀, ẹ nù ún gbẹ, ẹ fi kúbùsù bò ó. Tí orí bá sì ń fọ́ ẹni méjì pa pọ̀ nínú ilé kan náà, tàbí tí òòyì àti èébì dé, ẹ jáde síta kíá, kẹ́ ẹ tó máa wá ìdí rẹ̀, kẹ́ ẹ sì lọ rí dókítà.

Ní ibùdó yẹn, wọ́n ti tún pátákó ẹnu ọ̀nà kọ. Ìyá Oníbéèrè ló dúró ti akunlé tó kọ ọ́, tó ń bi í bóyá lẹ́tà rẹ̀ tóbi tó:

Ẹ MÁ DÁNÁ NÍNÚ ÀGỌ́. Ẹ MÁ SÌ GBÉ E WỌLÉ.