Irin Tí Kò Wọlẹ̀ Tán

Irin náà kò wọlẹ̀ mọ́. Ọlálérè sọ òòlù lé e títí, ó kàn ń dún gbáín-gbáín lójú kan náà ni. Ọyẹ́ ti mú ilẹ̀ Ìsọlọ̀ gbẹ, àpáta sì wà nísàlẹ̀. Irin tó ga ju ènìyàn lọ, èyí tó rì nínú rẹ̀ kò ju ìgbọ̀nwọ́ kan lọ.

Owó epo ló sọ Alàgbà Babáṣọlá di ọlọ́lá lójijì, tó fi kọ́lé, tó tún gbẹ́ adágún ìlúwẹ̀ẹ́ sẹ́yìn ilé. Ó wá fẹ́ àpótí iná onírin kékeré kan tí yóò máa gba iná láti inú ilé wá fún ẹ̀rọ tó ń fa omi àti gílóòbù inú adágún. Ọ̀gá Abórìṣàdé, àgbà oníwáyà ní Mafolúkù, ní kí Ọlálérè dá a ṣe, pé bó bá yanjú, ibẹ̀ náà lòun yóò ti fún un ní fírídọ̀ọ̀mù. Irin yìí ló sì tẹnu mọ́ jù: bí iná bá ṣìnà, irin ni yóò mú un wọlẹ̀ lọ, kó má baà gba ara ènìyàn.

Múrítàlá, tí wọ́n jọ ń kọ́ṣẹ́, jókòó sórí búlọ́ọ̀kù, ó ń wo oòrùn. Télọ̀ tó rán aṣọ fírídọ̀ọ̀mù Ọlálérè ní Bọ́ládé máa tó ti ṣọ́ọ̀bù, ọ̀la sì ni ayẹyẹ.

"Gé e jàre," ló wí. "Orí irin lọ̀gá máa rí. Ta ló máa walẹ̀ wò?"

Ọlálérè mọ̀ pé ó yẹ kóun fà á yọ, kóun wá ibi tí ilẹ̀ ti rọ̀. Àmọ́ ọwọ́ rẹ̀ ti bó, aṣọ tuntun sì ń pè é. Ó gbé ayùn, ó gé irin náà, ó so wáyà mọ́ èyí tó kù, ó ju èyí tó gé sínú igbó. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó ń wo ara rẹ̀ nínú dígí télọ̀, ó ń rẹ́rìn-ín bí ọkọ ìyàwó.

Lọ́jọ́ kejì, ìyá rẹ̀ ti Ẹdẹ dé, àwọn oníwáyà náà sì pé. Gbogbo wọn ló mọ àṣà Ọ̀gá Abórìṣàdé: kì í súre fún ọmọ iṣẹ́ láìkọ́kọ́ fi ọwọ́ lásán kan iṣẹ́ rẹ̀. Ó máa ń sọ pé ọ̀gá tó bá ń bẹ̀rù àtifọwọ́ kan iṣẹ́ ọmọ rẹ̀, kò kọ́ ọ níṣẹ́.

Wọ́n tan iná, adágún náà mọ́lẹ̀ yòò, àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́. Ọ̀gá bọ́ bàtà, ó bu omi ṣan ọwọ́ àti ẹsẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe, ó kọjú sí àpótí náà. Ọlálérè fẹ́ ní kí wọ́n dúró, ṣùgbọ́n ó rí ojú ìyá rẹ̀ tó ń dán fún ayọ̀, ìtìjú sì mú un. Ó gbé ọ̀rọ̀ náà mì.

"Ọlálérè, ọmọ mi," lọ̀gá wí, "mo fọwọ́ sọ̀yà fún iṣẹ́ rẹ."

Ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé e. Wáyà kan ti bó nínú àpótí náà láìsí ẹni tó mọ̀, ó sì fara kan ara àpótí onírin náà. Iná wá ọ̀nà ilẹ̀, kò rí i, ó gba ara ọ̀gá. Kí wọ́n tó pa súìṣì inú ilé, ẹ̀pa ò bóró mọ́.

Ìyá Adébímpé, ìyàwó ọ̀gá, ń sunkún pé ayé ló ṣe ọkọ òun. Àwọn kan ti ń wo Alàgbà Babáṣọlá tìfura-tìfura. Ọlálérè kò lè pa á mọ́ra mọ́. Ó mi irin náà títí ó fi tú, ó fà á yọ, ó gbé e síwájú obìnrin náà, ó dọ̀bálẹ̀.

"Kì í ṣe ayé, Màmá. Èmi ni. Mo gé e."

Ìyá Adébímpé wo irin kúkúrú náà. "Láàárọ̀ yìí ló sọ fún mi pé òun ti rí ẹni tóun máa fi ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀ fún," ló wí. Láti ọjọ́ náà, kò bá a sọ̀rọ̀ mọ́.

Aṣọ fírídọ̀ọ̀mù ni Ọlálérè wọ̀ tẹ̀lé òkú ọ̀gá rẹ̀, torí kò ní òmíràn tó dáa. Kò sí oníwáyà ní Òṣòdì tàbí Ìsọlọ̀ tó jẹ́ gbà á síṣẹ́. Ó di alábàárù ní Bọ́ládé, níwájú ṣọ́ọ̀bù télọ̀ náà gan-an.

Àwọn àgbà ní ẹni tó da eérú ni eérú ń tọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ọmọ wa, ẹ fetí sí i dáadáa: nígbà mìíràn, ẹni tó fọkàn tán wa jù ni eérú tí a dà ń bá. Iṣẹ́ tójú ẹnikẹ́ni ò ní tó, òun gan-an ló yẹ ká ṣe dójú àmì. Ọlálérè bẹ̀bẹ̀ títí, àmọ́ ẹ̀bẹ̀ kì í jí òkú.