Irun Mọ́rẹ́ Kò Dúró De Ìgbéyàwó

Irun ni Ògúnníyì kọ́kọ́ rí, kó tó rí ọmọ èèyàn nídìí ẹ̀. Mọ́rẹ́olúwa jókòó síwájú ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ rẹ̀ l'Áyétòrò, ó ń sá irun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀ sóòrùn. Irun ọ̀hún gùn débi pé tí Mọ́rẹ́ bá ti sọ̀ kalẹ̀ n'Ílaròó, ṣóńṣó irun ṣì ń ná owó ọkọ̀ n'Ídogo. Ẹnu tí Ògúnníyì là sílẹ̀, màlúù méjì lè gba inú ẹ̀ kọjá láìfara kanra. Kò rí kòtò. Tírélà tó fi ń kó sìmẹ́ńtì láti Ìbèsè já sínú ẹ̀ gbì, eruku sì dà bo ọmọge.

"Ṣé mo jọ ilé tí wọ́n fẹ́ rẹ́ ni?"

"Ẹ má bínú, àǹtí. Ojú mi ló sá lọ."

"Tó bá padà dé, kó o bọ́ọ́lẹ̀ wá fọ irun mi."

Ó bọ́ọ́lẹ̀. Kẹ́ẹ̀gì omi mẹ́fà ló pọn. Kí ìkẹfà tó tán, ó ti mọ̀ pé ọ̀nà ibòmíì ti dí mọ́ òun láyé.

Láàárín oṣù méje, ọkọ̀ Ògúnníyì bàjẹ́ níwájú ṣọ́ọ̀bù yẹn nígbà irínwó. Lọ́jọ́ kan tó tún bàjẹ́, Mọ́rẹ́ sọ ìdí irun náà fún un.

"Jẹjẹrẹ ọmú ló pa màmá mi. Oògùn ẹ̀ kó gbogbo irun wọn lọ, wọ́n á ní kí n gbé dígí kúrò níwájú àwọn. Látìgbà tí wọ́n ti kú, sísọ́ọ̀sì ò kan orí mi. Lọ́jọ́ tó bá pé ọdún mẹ́ta, màá gé e fáwọn obìnrin kan l'Ábẹ́òkúta tó ń fi ṣe wíìgì lọ́fẹ̀ẹ́ fáwọn aláìsàn."

"Gé e, olólùfẹ́ mi. Ìwọ ni mo wá rà, irun yẹn, èènì ni."

Nígbà tí wọ́n dá ọjọ́ ìgbéyàwó wọn, àṣé ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú ẹ̀ ni ọdún mẹ́ta náà máa pé. Nígbà tí ìyá Ògúnníyì, Màmá Lábísí, gbọ́ n'Ọ́jà-Ọ̀dàn, igbe tó ké, adìyẹ Kútọnu ló dáhùn.

"Opó ló ń gé irun! Ṣé ọmọ mi ti kú ni? Tó bá gé e, kò wọlé mi."

Ògúnníyì padà dé ọ̀dọ̀ Mọ́rẹ́ bí aṣọ tí òjò pa. "Ìfẹ́ mi, o ò lè ní sùúrù kó kọjá ìgbéyàwó ni?"

"Ìlérí tí mo ṣe fún màmá mi ni. Tí mo bá yẹ̀ ẹ́ torí ọkọ, kí ni màá wá mú ṣẹ fún ọkọ náà?" Ó ká aṣọ tó ń rán. "Mú mi lọ bá màmá ẹ."

Lọ́jọ́ tí ọdún mẹ́ta náà pé, wọ́n lọ. Mọ́rẹ́ kúnlẹ̀. Kò sọ ti ìgbéyàwó rárá.

"Mà, nígbà tí bàbá Ògúnníyì kú, ta ló gé irun tiyín?"

"Àwọn ẹbí ọkọ mi ni." Ohùn Màmá Lábísí ti wálẹ̀. "Wọ́n dì mí lọ́wọ́ mú. Nígbà tí wọ́n ṣe tán, mo fẹ́ gbé Ògúnníyì yìí, ọmọ oṣù mẹ́jọ, kò dá mi mọ̀. Ó ń sá fún mi. Mi ò fẹ́ kírú ẹ̀ bá ẹ."

"Ẹnikẹ́ni ò dì mí mú, Mà." Mọ́rẹ́ yọ sísọ́ọ̀sì nínú báàgì. "Màmá tèmi tí wọn ì bá gé e fún mi ò sí mọ́. Ẹ̀yin ni mo wá bá."

Màmá Lábísí wo sísọ́ọ̀sì náà títí.

"Wá jókòó síbi tí ìmọ́lẹ̀ wà," ni ìyá wí.

Ó fi òwú di irun náà lọ́nà mẹ́rin, ó ń gé e ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, omi ń bọ́ lójú ẹ̀. Nígbà tó parí, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbá ojú ọmọge mú.

"O ò gbọdọ̀ fi gèlè bò ó lọ́jọ́ ìgbéyàwó o. Kí wọ́n rí i pé èmi ni mo gé e."

Etí Mọ́rẹ́ méjèèjì ti jáde, ọrùn rẹ̀ gùn, ó ń rẹ́rìn-ín. Ògúnníyì na ọwọ́ láti fi pa orí náà. Ìyá ẹ̀ gbá ọwọ́ náà dànù.

"Ó di Sátidé tó ń bọ̀ kó tó di ìyàwó ẹ. Lónìí, ọmọ tèmi ni."