Orin Tí A Kò Jókòó Fún

Ní ìlú Kostroma, kò sẹ́ni tí í wọ gbọ̀ngàn orin tòun ti kóòtù. Ọ̀mùtí pàápàá mọ̀ bẹ́ẹ̀. Bí o bá ti wọlé, Màmá Fyokla tó ń gba kóòtù lẹ́nu ọ̀nà ni wàá kọ́kọ́ bá. O bọ́ kóòtù, ó gbé e kọ́, ó fún ọ ní nọ́ńbà onírin kékeré kan, ìgbà náà lo tó di èèyàn. Ìdí nìyí tó fi ya Taisia lẹ́nu lọ́sàn-án ọjọ́ Ìṣẹ́gun, nígbà tó gbójú sókè nídìí dùùrù tó ń tẹ̀, tó rí obìnrin kan tó dúró lẹ́bàá ilẹ̀kùn, kóòtù dúdú lọ́rùn, àpótí ìrìn àjò lọ́wọ́. Yìnyín ń bọ́ níta láti òwúrọ̀. Ilẹ̀ tí obìnrin náà dúró lé gbẹ táútáú.

Taisia rò pé ẹni tó ń dúró de bọ́ọ̀sì ni, tó yà wọlé nítorí òtútù. Ó mi orí kí i. Obìnrin náà kò dáhùn. Ó kàn ń mi orí tirẹ̀ díẹ̀díẹ̀, bíi ti olùkọ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ tún ti ṣe àṣìṣe àná. Nígbà tí Taisia yóò fi ṣí ìwé orin tán, ibẹ̀ ti ṣófo. Ilẹ̀kùn yẹn sì rèé, kò sí bí o ṣe lè ṣí i kó má ké.

Orin tó ń tẹ̀ kì í ṣe ti àwọn àgbà ọ̀jẹ̀ tí wọ́n ń ya àwòrán wọn sára ògiri ilé ẹ̀kọ́. Orin yàrá àlejò ni, èyí tí àwọn ọmọbìnrin ilé ọlọ́lá ń tẹ̀ láyé ọjọ́un lẹ́yìn tí àlejò bá mu tíì tán, kí àwọn èèyàn lè jó díẹ̀, kí ìyá lè wo ọkùnrin tó yẹ ọmọ òun. Nígbà tí ayé yí padà, wọ́n ní orin ọ̀lẹ ni. Wọ́n fi ìwé rẹ̀ dáná, wọ́n fi pọ́n ẹja. Ọdún mẹ́sàn-án ni Taisia ti ń ṣa èyí tó kù jọ, ọ̀kan lọ́jà àlòkù, ọ̀kan nínú àjà ilé opó kan. Ó dùn ún dọ́kàn pé èèyàn lè fi gbogbo ayé rẹ̀ kọ orin, kó kú, kó má sẹ́ni tó lè pe orúkọ rẹ̀ mọ́. Apollinaria Zvantseva, ọmọ Kostroma gan-an, ló fẹ́ràn jù nínú wọn, pàápàá orin ijó àyípo rẹ̀ ìkẹyìn, tó sọ ní “Kí A Tó Lọ”.

Ọ̀gá Valerian tó ni àṣẹ gbọ̀ngàn kò fẹ́ràn rẹ̀ rárá.

“Taisia, kéèkì lorin yìí jàre. Ṣúgà ti pọ̀ jù níbẹ̀. Ọjọ́ Àìkú kan ṣoṣo ni mo fún ọ. Bí àwọn èèyàn bá sùn, inú àjàalẹ̀ ni gbogbo ìwé yẹn ń padà lọ.”

Àjàalẹ̀ yẹn, omi ń wọ̀ ọ́. Ìwé tó bá wọ ibẹ̀ ti kú nìyẹn.

Ní Ọjọ́rú, obìnrin náà tún dé. Bí Taisia ti tẹ ohùn ìkẹyìn báyìí, ó tún mi orí. Taisia dìde lọ bá Màmá Fyokla.

“Màmá, ta lẹ jẹ́ kó wọlé tòun ti kóòtù?”

Fyokla gbé aṣọ tó ń hun sílẹ̀. “Áà, ìwọ náà rí i? Mo rò pé ojú arúgbó ló ń yọ mí lẹ́nu ni. Mo ní kó mú kóòtù wá, ó ní ìrìn àjò lòun ń lọ. Mo ní ó dáa, wá jókòó ná. Ó ní kò tíì sẹ́ni tó ní kóun jókòó kóun tó lọ.”

“Ẹ̀yin kọ́ lẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ní kó jókòó?”

“Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún un! Ó ní kì í ṣe ẹnu tèmi ló yẹ kó ti wá.” Ó fọwọ́ ṣe àmì àgbélébùú láyà, ó rẹ ohùn sílẹ̀. “Taisia ọmọ mi, ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.”

Ọ̀rọ̀ ìjókòó yẹn wọ Taisia lákínyẹmí ara. Ní ọdún mẹ́fà sẹ́yìn, lówùúrọ̀ ọjọ́ tó fẹ́ lọ tẹ dùùrù nílùú míì, takisí ti ń fọn fèrè níta. Ìyá rẹ̀, tó máa ń fi ìborùn eléérú di ìbàdí nítorí ẹ̀yìn ríro, ti fa àga méjì dojú kọra.

“Jẹ́ ká jókòó díẹ̀ kí o tó lọ,” ìyá wí, bí gbogbo ilé ti ń ṣe fún arìnrìn-àjò, kí gbogbo wọn dákẹ́ fún ìṣẹ́jú kan kí ọ̀nà lè dáa.

“Màmá, rélùwéè ò ní dúró dè mí, ẹ jọ̀ọ́.”

Ó fẹnu ko ìyá rẹ̀ lẹ́rẹ̀kẹ́ lórí ìdúró, ó sáré jáde. Lọ́jọ́ kẹta ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ láago pé ìyá ti kú. Nígbà tó padà délé, àga méjèèjì ṣì dojú kọra. Taisia kò sọ èyí fún ẹnikẹ́ni rí, ojú ń tì í.

Ní Ọjọ́bọ̀, ó lọ síbi tí wọ́n ń kó ìwé àtijọ́ ìlú pa mọ́ sí, ó ní kí wọ́n bá òun wá ìwé tí Apollinaria fọwọ́ ara rẹ̀ kọ. Nínú ìdì kan ló ti bá “Kí A Tó Lọ”, tòun ti lẹ́tà ẹ̀gbọ́n Apollinaria. Orin ìdágbére ni. Apollinaria fẹ́ tẹ̀ ẹ́ fún àwọn ará ilé lọ́jọ́ tó ń gbé orin rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ àwọn òǹtẹ̀wé ní Petersburg. Ṣáájú ohùn ìkẹyìn, àyè mẹ́ta ṣófo gbayawu, àmì ìdúró nìkan ló wà lórí wọn, tó dàbí ẹyinjú kan lábẹ́ ìpéǹpéjú. Ó kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pé, “Níbí, kí gbogbo ilé jókòó.”

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kọ̀wé pé, “Awakọ̀ ẹlẹ́ṣin ń pariwo. Àbúrò mi kò lè dúró ṣe ìdákẹ́ náà. Ó lu ohùn ìkẹyìn, ó gbé àpótí, ó lọ lórí ìdúró. Yìnyín tó bo odò Volga, tí wọ́n ń gbà kọjá, là mọ́ wọn lẹ́sẹ̀ kí ó tó di ọ̀sán.” Nígbà tí ẹ̀gbọ́n fi orin náà ránṣẹ́ lẹ́yìn ikú rẹ̀, òǹtẹ̀wé rò pé àṣìṣe ni àyè òfìfo yẹn, ó yọ ọ́ dànù. Láti ìgbà náà, gbogbo ẹni tó tẹ orin yìí ló ti sáré kọjá níbẹ̀, Taisia náà sì wà lára wọn.

“Ìdákẹ́ kẹ̀?” ni Ọ̀gá Valerian wí nígbà tí Taisia sọ ohun tó fẹ́ ṣe fún un. “Wọ́n á rò pé o gbàgbé orin ni! Wọ́n á fi ọ́ rẹ́rìn-ín.”

“Kí wọ́n rẹ́rìn-ín, ọ̀gá.”

Ní agogo mẹ́ta ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, gbọ̀ngàn kún. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ dúró lẹ́yìn. Láàárín wọn, lẹ́bàá ilẹ̀kùn, kóòtù dúdú náà wà níbẹ̀. Taisia tẹ dùùrù títí ó fi dé ibi tí à ń wí yìí, ó gbọ́wọ́ kúrò. Ẹnì kan wúkọ́. Ẹnì kan bẹ̀rẹ̀ sí í pàtẹ́wọ́, ó dáwọ́ dúró. Ọ̀gá Valerian níwájú ń ṣẹ́jú pàkòpàkò. Ẹ̀rù ba Taisia, ó bà á gan-an. Ó yíjú sí ẹ̀yìn gbọ̀ngàn, ó sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́:

“Ẹ jẹ́ ká jókòó díẹ̀ ká tó lọ.”

Kò sẹ́ni tí wọ́n ní láti ṣàlàyé fún nílùú yẹn. Àwọn tó dúró jókòó sílẹ̀, sórí báàgì, sórí àpò ìwé. Obìnrin náà gbé àpótí rẹ̀ kalẹ̀, ó jókòó lé e. Gbogbo ilé pa rọ́rọ́. Nínú ìdákẹ́ yẹn, àga òfìfo kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri ké, bí ìgbà tí ẹni tí ẹ̀yìn ń ro bá rọra jókòó. Taisia kò wẹ̀yìn. Ó ń sunkún, kò sì nù ún. Nígbà tí ọkàn rẹ̀ sọ pé ó tó, ó tẹ ohùn ìkẹyìn.

Obìnrin náà kò sí lẹ́bàá ilẹ̀kùn mọ́. Níbi tí àpótí wà, omi díẹ̀ dúró sílẹ̀, ó ń rùn bí odò.

“Ṣúgà ló kó sí mi lójú,” ni Ọ̀gá Valerian wí, ó ń fi áńkáṣíìfù nu ojú. “Gbé ìyókù wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.”

Taisia jáde lọ bá Màmá Fyokla, ẹni tó dúró láàárín àwọn kóòtù.

“Ó ti lọ, ọmọ mi. Ó tiẹ̀ kí mi pé ó dàbọ̀.”

“Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run.”

“Ìyá àgbà tí wọ́n jọ jáde náà kí mi.”

“Ìyá àgbà wo, Màmá?”

“Èyí tó fi ìborùn eléérú di ìbàdí. Ó ní láti ọdún mẹ́fà lòun ti wà lórí ìdúró. Ó ní kí n sọ fún ọ pé o jókòó lónìí, òun lè máa lọ wàyí.”