Ìjókòó Màámi Nínú Àrẹ̀mọ

Aṣọ tí Télọ̀ wọ̀ wá sí ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì lọ́sàn-án ọjọ́ náà, kì í ṣe òun ló rán an. Ohun tó kọ́kọ́ fu Sáré lára nìyẹn. Télọ̀ tí gbogbo àdúgbò mọ̀, tó ń fi eyín já òwú, tí ìdí bàtà rẹ̀ ti lu, òun náà ló sọ̀ kalẹ̀ látinú ọkọ̀ tuntun, tó ń ta sánsán bí ẹni tí wọ́n rì bọ inú ìgò lọ́fínńdà.

"Sáré, ṣé ìwọ ṣì wà nídìí gíríìsì?" ó ní, ó ń rẹ́rìn-ín.

Sáré ni wọ́n ń pe ọ̀dọ́kùnrin mẹkáníìkì yìí, torí kò sí ohun tí kì í kánjú sí láyé. Iṣẹ́ abẹ́ ọ̀gá ti sú u pátápátá. Ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ ló ń wá, kíá kíá, lọ́nà kọ́nà.

"Ẹ̀gbọ́n rẹ ńkọ́?" ló fi dá Télọ̀ lóhùn. Ẹ̀gbọ́n obìnrin yẹn ló tọ́ Télọ̀ dàgbà, òun ló sì ni ẹ̀rọ ìránṣọ tí àwọn méjèèjì fi ń jẹun.

"Ó rìnrìn àjò."

"Ibo ló lọ?"

"Mo ní ó rìnrìn àjò. Ṣé ọlọ́pàá ni ẹ́ ni?" Télọ̀ gbé ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ bàbá rẹ ni mo bá wá. Ẹnì kan fẹ́ rà á. Owó tó máa san, wàá fi ra ilẹ̀, wàá fi kọ́ ṣọ́ọ̀bù, á tún ṣẹ́ kù."

Ta ni orí rẹ̀ pé tó máa san irú owó bẹ́ẹ̀ lórí ọkọ̀ àtijọ́? Sáré bi ara rẹ̀ bẹ́ẹ̀, òótọ́ ni, ẹ má parọ́ mọ́ ọn. Àmọ́ itọ́ ti ń yọ lẹ́nu rẹ̀.

Ọkọ̀ eré ìje pupa ni, onílẹ̀kùn méjì, imú rẹ̀ gùn, òrùlé rẹ̀ ṣeé ká sẹ́yìn. Bàbá Sáré ti rà á kó tó fẹ́yàwó, ó sì sọ ọ́ ní Àrẹ̀mọ. Nígbà tí wọ́n wá bí Sáré, ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, bàbá a máa sọ fún àlejò pé, "Èkejì rèé. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wà lábẹ́ ìbòòji níta." Látìgbà tí bàbá ti kú, ní ìrọ̀lẹ́ gbogbo, Màámi á wọ inú Àrẹ̀mọ, á jókòó sí ẹ̀gbẹ́ awakọ̀ níbi tó ti ń jókòó látìgbà ọmọge, á pa ilẹ̀kùn dé, á máa ròyìn ọjọ́ náà fún ọkọ rẹ̀. Awọ ìjókòó yẹn ti jìn sí bátànì ara rẹ̀.

Abẹ́ ìjókòó yẹn náà ni bàbá fi bọ́tìnnì kékeré kan pa mọ́ sí nítorí olè. Béèyàn bá tẹ̀ ẹ́, ẹ́ńjìnnì á kú fin-ín, kò sì sí kọ́kọ́rọ́ tó máa jí i. Màámi mọ̀ ọ́n. Sáré mọ̀ ọ́n. Kò tún sí ẹlòmíì.

Irọ́ ni Sáré fi gbé ọkọ̀ náà jáde nílé. Ó ní òun fẹ́ lọ kùn ún.

"Ẹ̀n-ẹ́n, ó ti tó bẹ́ẹ̀," Màámi ní, ó fọwọ́ pa bọ́nẹ́ẹ̀tì lórí. "Pupa yìí náà ni kí wọ́n fi kùn ún o. Bàbá rẹ ò fẹ́ràn ọ̀dà míì."

"Ẹ má ṣèyọnu, Màámi." Ojú tì í, ó sì tẹná mọ́ ọn.

Ilé ìkẹ́rùsí ńlá kan ni Télọ̀ mú un lọ, lẹ́yìn ilé iṣẹ́ tó ti kógbá sílé. Aṣọ dúdú ni wọ́n fi bo gbogbo fèrèsé. Oòrùn ọ̀sán ń ran níta, inú ilé ṣú bí inú ìkòkò. Ọkùnrin kan ń dúró dè wọ́n níbẹ̀, ó mọ́ tónítóní, ẹ̀wù funfun rẹ̀ ń dán lára, ohùn rẹ̀ sì tutù. Adáhunṣe ni Télọ̀ pè é.

Nígbà tí ojú Sáré mọ òkùnkùn lára, ó rí ẹrù lóríṣiríṣi lára ògiri. Rédíò àtijọ́. Bẹ́ẹ̀dì ọmọ ọwọ́. Àga onírọ̀gbọ̀kú. Ohun tí ọwọ́ ti lò gbó ni gbogbo wọn. Ó tún rí ẹ̀rọ ìránṣọ kan tí wọ́n ya òdòdó búlúù sí lára. Ó mọ òdòdó yẹn. Ẹ̀gbọ́n Télọ̀ ló fọwọ́ ara rẹ̀ yà á.

Àgbá kẹ̀kẹ́ ẹ̀rọ náà ń yí jẹ́jẹ́, bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn án. Orí Sáré wú. Ó wo Télọ̀, Télọ̀ ń wo ilẹ̀.

"Ṣé o fẹ́ràn ọkọ̀ yìí?" adáhunṣe bi í.

"Mo fẹ́ràn rẹ̀, sà."

"Ta ló fẹ́ràn rẹ̀ jù ọ́ lọ?"

"Kò... kò sẹ́nì kankan."

Adáhunṣe na ọwọ́ sínú ọkọ̀, ó fi ìka tọ ojú ibi tí awọ ti jìn. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ó dáa. Ṣé gbogbo ohun tó wà lára rẹ̀ lo gbé fún mi? Kò ku àṣírí kankan? Tó bá ku nǹkan kan tó o fi pa mọ́, inú ara rẹ la ti máa wá a."

Sáré rántí bọ́tìnnì. Àmọ́ àwọn mẹkáníìkì kì í fi bọ́tìnnì ìkọ̀kọ̀ han ẹni tó ń ra ọkọ̀ àfi tówó bá ti dé ọwọ́. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ara rẹ̀ ò gba ọkùnrin yìí rárá.

"Kò ku nǹkan kan, sà."

Abẹ ti kọjá lórí àtàǹpàkò rẹ̀ kó tó mọ̀. Adáhunṣe fa ọwọ́ náà lọ síbi ẹnu táǹkì epo, ó ń fún un, ẹ̀jẹ̀ ń kán sínú epo tó, tó, tó.

"Ìwọ tí wọ́n ń gbé ara lé lójoojúmọ́, gba ara náà! Ìwọ tí wọ́n ń mí sí, gba èémí náà! Ohun tí wọ́n sọ nínú rẹ, mo pè é. Ẹni tó sọ ọ́, mo pè é. Jẹ́ mi! Dá mi lóhùn!"

Kò sẹ́ni tó yí kọ́kọ́rọ́. Ẹ́ńjìnnì Àrẹ̀mọ dáhùn, iná iwájú rẹ̀ méjèèjì tàn. Àpò òfìfo kan tí adáhunṣe ti jù sórí ìjókòó ẹ̀yìn bẹ̀rẹ̀ sí í wú, owó ń yọ lẹ́nu rẹ̀.

"Owó ẹ nìyẹn," adáhunṣe ní. "Tí epo bá tán nínú ọkọ̀, iṣẹ́ parí."

"Iṣẹ́ wo?"

"Ti ẹni tó ni ìjókòó."

Fóònù Sáré dún. Màámi ni.

"Ọmọ mi," ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n, "nǹkan kan ń yí nínú àyà mi. Ó gbóná. Yéè, ó ń dún, ọmọ mi!" Àrẹ̀mọ wúkọ́ lójú ibẹ̀, bó ṣe máa ń wúkọ́ tí ara rẹ̀ bá tutù. Màámi náà wúkọ́ lórí fóònù, lẹ́ẹ̀kan náà.

Sáré bẹ́ gìjà sídìí sítíárìn ọkọ̀. Télọ̀ rọ̀ mọ́ ẹ̀wù rẹ̀. "Má gbìyànjú ẹ̀! Èmi náà ti..."

"Ẹ̀gbọ́n rẹ dà, Télọ̀? Ibo ló wà?"

Télọ̀ lanu láti sọ ọ́. Òwú ló jáde. Òwú pupa, tó tutù, ó ń fi ọwọ́ méjèèjì fà á, ó ń fà á, kò tán, ẹ̀jẹ̀ ń bá a jáde, ojú rẹ̀ ń yọ síta.

Adáhunṣe ò dí Sáré lọ́nà. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi ṣí géètì. "Máa wà á lọ," ló ní. "Má ṣáà pa ẹ́ńjìnnì o. Tó bá ti kú, ìyá rẹ náà kú nìyẹn."

Abẹ́rẹ́ tó ń fi ìwọ̀n epo ọkọ̀ hàn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ìsàlẹ̀. Ilé epo tó kọ́kọ́ rí ló já sí.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ pa ọkọ̀ yín," ọmọbìnrin tó ń ta epo ní.

"Àbúrò, mo bẹ̀ ẹ́, máa dà á bẹ́ẹ̀."

"Ṣé ẹ fẹ́ jó wa mọ́ ibí ni? Ẹ pa á!" Ló bá na ọwọ́ wọlé láti ojú fèrèsé, ó di kọ́kọ́rọ́ mú.

Sáré gbá ọwọ́ ọmọ ọlọ́mọ mú, ó sunkún sí i lára. "Màmá mi ni! Màmá mi ni!" Ẹ̀rù ba ọmọbìnrin náà, ó rò pé wèrè ni. Sáré wa ọkọ̀ sí òdìkejì títì, ó fi í sílẹ̀ níbẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́, ó sáré padà wá ra epo sínú kẹ́ẹ̀gì, ó da díẹ̀ sínú ọkọ̀, ó sì gbé ìyókù dání. Owó tó fà yọ nínú àpò ń rùn. Ó gbé e sí imú. Òróró tí Màámi fi ń para ní orúnkún ni.

Ó bá Màámi lórí àga lẹ́nu ọ̀nà ilé, ó di àyà mú, ọ́ìlì dúdú ń ṣàn ní igun ẹnu rẹ̀. Sáré fi ọkọ̀ sílẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́, ó gbé kẹ́ẹ̀gì epo sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Màámi, mi ò gbé e lọ kùn. Mo tà á ni. Mi ò mọ̀ pé ẹ̀yin ni mò ń tà." Ó ro gbogbo rẹ̀ fún un, ẹkún ò jẹ́ kó sọ ọ́ dáadáa.

"Ìwọ ọmọ yìí!" Màámi gbá a létí, agbára díẹ̀ tó kù lára rẹ̀ ló fi gbá a. "Àrẹ̀mọ? Ẹ̀gbọ́n rẹ?" Ó mí. "Ṣé o fi bọ́tìnnì hàn wọ́n?"

"Rárá, mà."

Màámi na ọwọ́ sí i. "Gbé mi lọ sí àyè mi."

"Màámi, ọkùnrin yẹn ní tó bá kú..."

"Mo ní kó o gbé mi. Kì í ṣe òun ló ń pàṣẹ fún mi nínú ọkọ̀ ọkọ mi."

Ó gbé e. Ara rẹ̀ wọ inú awọ náà bó ṣe máa ń wọ̀ ọ́. Màámi fọwọ́ pa pátákó iwájú inú ọkọ̀ lórí. "Lọ bu omi wá fún mi," ló ní.

Sáré ò tíì bu omi náà tán ní ilé ìdáná nígbà tí gbogbo ìta dákẹ́.

Ife bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Kò mọ bó ṣe débẹ̀. Ọwọ́ Màámi ṣì wà lábẹ́ ìjókòó, orí rẹ̀ tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ẹ́ńjìnnì ti kú. Inú àpò owó tó wà lẹ́yìn, rọ́bà jíjóná ló kù níbẹ̀.

"Màámi! Màámi o!"

Ó la ojú. Ó mí, èémí ara rẹ̀. "Omi náà dà?" ló ní.

Sáré rẹ́rìn-ín, ó sunkún, ó gbá a mọ́ra. Bọ́tìnnì tí òun ò fi han adáhunṣe! Ohun tí kò sí lọ́wọ́ wọn ni Màámi fi já ara rẹ̀ gbà! Ó fẹ́ pariwo ọpẹ́, àmọ́ ó tẹ́tí. Ó ń gbọ́ ohùn ẹ́ńjìnnì síbẹ̀. Ó fọwọ́ kan bọ́nẹ́ẹ̀tì, kò gbọ̀n. Ó wá gbé ọwọ́ náà sí àyà ara rẹ̀, ibẹ̀ ló ti ń dún. "Inú ara rẹ la ti máa wá a," adáhunṣe ti wí.

Màámi fúnra rẹ̀ ló dìde lọ bu omi míì. Ó mu, ó sì gbé ife fún ọmọ rẹ̀. Sáré gbé e mì, ó bì í padà, dúdú. Ọ̀fun rẹ̀ gbẹ bí ẹni tó jẹ iyanrìn. Ohun tó wà nínú àyà rẹ̀ wúkọ́, ó fẹ́ kú, ó tún gbé e.

"Kí lò ń wò?" Màámi bi í.

Ẹ̀yìn Màámi ló ń wò, níbi tó gbé kẹ́ẹ̀gì epo sí.

"Òùngbẹ ń gbẹ mí, Màámi," ló ní, ó sì ti ń yí ọmọrí kẹ́ẹ̀gì náà.