Ìrẹsì Ẹ̀yìn Aṣọ Ìkélé

Ilẹ̀kùn yàrá ìkẹ́rùsí ṣí sílẹ̀ gbayawu, àpò ìrẹsì tí Afeezat jẹ nínú eré "Dáhùn Kí O Gbà" kò sí níbẹ̀ mọ́. Ìjọba ti ti ẹnubodè pa, ìrẹsì sì ti gbówó lórí ní Ìlaròó. Ọ̀gá ilé eré ní bí Afeezat bá dé tí kò rí ẹ̀bùn rẹ̀, kí Kòkúmọ́ aṣọ́nà kó ẹrù rẹ̀ máa lọ.

"Màmá, ẹnikẹ́ni ò gbé ẹrù kọjá lọ́dọ̀ mi," ni Kòkúmọ́ sọ fún Insipẹ́kítọ̀ Àṣìkẹ́. "Bí irọ́ bá lọ fógún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ á bá a."

Orí pèpéle ni Àṣìkẹ́ kọ́kọ́ lọ. Àpò tí gbogbo ayé ń rí lórí tẹlifíṣọ̀n ṣì wà lẹ́yìn aṣọ ìkélé. Ó ti ọwọ́ bọ̀ ọ́: lẹ́búlẹ́bú igi ni. Oyèkúnlé atọ́kùn rẹ́rìn-ín, ó ní bẹ́ẹ̀ ló ti wà láti ìbẹ̀rẹ̀, nítorí pé ojúlówó wúwo ju ohun tí ọmọge tó ń gbé e jáde lè gbé.

Àṣìkẹ́ náà rẹ́rìn-ín. Òun àti ọkọ rẹ̀ tó ti dolóògbé ti jókòó ní pálọ̀ fún ọdún pípẹ́, wọ́n ń ṣojú kòkòrò sí lẹ́búlẹ́bú igi. Ì bá wù ú kó lè sọ fún un.

Nígbà tó padà sí yàrá ìkẹ́rùsí, ó rí páúdà lára ọwọ́ ilẹ̀kùn. Nǹkan wíwúwo sì ti fa ilà sórí símẹ́ǹtì títí dé yàrá ìmúra. Níbẹ̀ ni Màmá Sàlímọ́tù, tó máa ń kun àwọn olùdíje lójú, ti ń kun Abdulfatah. Aṣọ́bodè, òṣìṣẹ́ kọ́sítọ́ọ̀mù, ni Abdulfatah. Ibi iṣẹ́ ló ti wá díje láàárọ̀ náà, tòun ti aṣọ ìjọba lọ́rùn. Ìjókòó rẹ̀ rọ̀, ìborùn Màmá Sàlímọ́tù ló bò ó.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde."

"Ẹ jẹ́ kó sinmi," ni Màmá Sàlímọ́tù sọ, ó sì tún bu páúdà sí i lójú.

Abdulfatah dìde, Àṣìkẹ́ sì ká ìborùn náà. Ìrẹsì rèé.

"Olè tó ń wo eré yìí nílé, ti orí pèpéle ni ì bá gbé," ni Àṣìkẹ́ wí. "Ẹni tó mọ ẹ̀yìn aṣọ ìkélé ló gbé eléyìí, páúdà ló sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kòkúmọ́ ò rí i kó jáde, a jẹ́ pé inú ilé ló wà. Ibi kan ṣoṣo tí ẹnikẹ́ni ò wò ni abẹ́ aṣọ́bodè."

Màmá Sàlímọ́tù kúnlẹ̀. Ó ní oko Ìmàṣàyí ni wọ́n ti gbin ìrẹsì náà, àmọ́ àpò òkèèrè ni wọ́n rọ ọ́ sí. Ibi tó ti ń mú páúdà nínú yàrá ìkẹ́rùsí ló wà tó fi rí aṣọ ìjọba lójú fèrèsé, ó sì bẹ̀rù pé wọ́n wá gba ìrẹsì náà. Kò tilẹ̀ rò ó wò kó tó wọ́ àpò náà lọ sí yàrá ìmúra, kó sì fi ìborùn bò ó. Abdulfatah fúnra rẹ̀ ló wá jókòó lé e.

"Àwọn aṣọ́bodè ti gba ìrẹsì tèmi rí lọ́nà Ìjọun," ni Màmá Sàlímọ́tù wí. "Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá."

Abdulfatah rẹ́rìn-ín títí páúdà ojú rẹ̀ fi ṣàn. Òun fúnra rẹ̀ ló gbé àpò náà lé èjìká láti lọ kó o fún Afeezat, tó ti dúró síta.

Kòkúmọ́ na ọwọ́ dí ẹnu ọ̀nà.

"Ọ̀gá, ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀ ná. Kí lẹ gbé?"