Ohun Tó Ń Dán Lókè Ọgbà Adìẹ

"Oògùn wo lẹ máa ń fún àwọn adìẹ yìí?"

Bàbá olóko ń wo òrùlé. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, tó ń kun adìẹ lórí tábìlì, gbójú sókè, ó rí ọmọbìnrin tó béèrè, òṣìṣẹ́ àyẹ̀wò ẹran kan nínú aṣọ funfun, tí bàtà òjò tó yá wọ̀ fẹ́ẹ̀ gbé e mì. Ọ̀bẹ dúró lọ́wọ́ ọmọkùnrin náà.

"Ẹ rọra o," ọmọbìnrin náà wí, "kí adìẹ yín má fò lọ."

"Èyí tí mo ti yọ ìfun rẹ̀?"

"Bẹ́ ẹ bá tún ń wò mí báyìí, á fò."

Ọmọbìnrin náà ṣàlàyé fún wọn pé òun rí kòkòrò àìfojúrí nínú ẹran wọn, irú èyí tí oògùn kì í ràn mọ́. Adìẹ tó bá ń mu oògùn lójoojúmọ́, oògùn náà á mọ́ kòkòrò inú rẹ̀ lára. Tó bá wá dé ara èèyàn, dókítà á ṣe é tì.

Bàbá fara ya. "N kì í fún adìẹ mi lóògùn!"

Síbẹ̀ ọmọbìnrin náà ń padà wá yẹ ọgbà náà wò. Bó bá ti dé, òun àti ọmọ bàbá á jókòó sórí bẹ́ǹṣì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà òròmọdìẹ.

"Dókítà adìẹ, ṣé nítorí kòkòrò lo ṣe wá lónìí?"

"Kòkòrò kan tó ń lo ọ̀bẹ ni."

Nígbà tí ọmọ sọ pé òun fẹ́ fẹ́ ẹ, bàbá pariwo: "Ẹni tó ní ẹran mi ń pani? Bó bá rí oògùn nínú ọgbà mi, kó wá di ìyàwó ilé yìí. Bí kò bá rí i, kó gbàgbé ọ̀nà ibí!"

Ọmọbìnrin náà wá inú oúnjẹ adìẹ, ó wá inú kànga, ó wá gbogbo yàrá. Òfo.

"Olówó orí mi ọ̀la, ó ti tán," ló wí fún ọmọ bàbá lórí bẹ́ǹṣì.

"Jẹ́ ká jọ sá lọ."

"Kí n jí ọmọ gbé lọ́wọ́ bàbá rẹ̀? Rárá."

Ó gbójú sókè kí omijé má baà já bọ́. Lórí okùn tó wà lókè wọn, àwọn ọ̀rá pẹlẹbẹ tó ń dán bíi dígí ń yí nínú afẹ́fẹ́, bí wọ́n ṣe ń yí láti ọjọ́ tó ti ń jókòó síbẹ̀.

"Màmá, kí lẹ so sókè yìí?"

Aya bàbá olóko, tó ń bu omi fún òròmọdìẹ, rẹ́rìn-ín. "Àwòdì ni mo fi ń lé. Ọ̀rá fítámì ni, èyí tí mò ń dà sómi wọn. Ẹni tó ń ta òròmọdìẹ fún wa ló ń fún mi, ó ní ó ń mú wọn sanra."

Ọmọbìnrin náà já ọ̀kan, ó kà á, ó bú sẹ́rìn-ín pẹ̀lú ẹkún. Oògùn tó ń wá gan-an ni wọ́n kọ sára ọ̀rá náà.

Bàbá yọ lẹ́nu ọ̀nà. Ó wo aya rẹ̀, ó wo okùn, ó wá na ọwọ́.

"Ìyàwó wa, gbé e wá kí n rí i."