Òǹdè Ẹnu Táǹkì

Gbàù! Gbàù!

Gíláàsì ilé ìtajà wúrà fọ́ yángá-yángá lọ́sàn-án gangan. Àwọn oníbàárà dojú bolẹ̀, ọmọge tó ń tajà sì kó sábẹ́ tábìlì.

Ìta ni Dẹ́rẹ́bà wà ní tirẹ̀, nínú ọkọ̀ ògbólógbòó tó ti ń jẹ epo kí wọ́n tó bí i. Mẹkáníìkì ni kó tó di awakọ̀ fún olè. Kì í ṣe òṣì ló sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀ o. Ọ̀kánjúwà, bàbá olè, ló fà á lọ́wọ́, òun náà sì fa àbúrò rẹ̀ lọ́wọ́.

Gbò!

Ìbọn ọlọ́dẹ tó ń ṣọ́ ilé ìtajà náà nìyẹn. Àbúrò Dẹ́rẹ́bà ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ jáde, ó di ikùn mú, ẹ̀jẹ̀ ń yọ láàárín ìka rẹ̀. Àrìrà, ọ̀gá wọn, gbé àpò wúrà kọjá lára rẹ̀, kò tilẹ̀ wẹ̀yìn. Dẹ́rẹ́bà ló wọ́ àbúrò rẹ̀ wọ ọkọ̀.

"Wa ọkọ̀ jàre! Àbí ìran lò ń wò?" ni Àrìrà jágbe mọ́ ọn.

Vùùùù!

Wọn ò tíì rìn tó ìṣẹ́jú márùn-ún tí ẹ́ńjìnnì bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. Ó gbọ̀n, ó mí kanlẹ̀, ó kú. Dẹ́rẹ́bà jẹ́ kó yọ́ wọ ẹ̀yìn ilé ìlagi kan. Ọkọ̀ ọlọ́pàá ké kọjá lójú títì, kò rí wọn.

Àrìrà fi ẹnu ìbọn gbá a létí. "Ìwọ tó o ní mẹkáníìkì lo jẹ́. Bọ́ sílẹ̀ kó o tún un ṣe, kí n tó fìbínú pa ẹ́."

Dẹ́rẹ́bà ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Iná ń ṣẹ́ dáadáa lẹ́nu pulọ́ọ̀gì. Ó fa rọ́bà epo yọ, epo kò kán tó, bẹ́ẹ̀ epo sì wà nínú táǹkì. Ó dá rọ́bà padà, ó lọ sẹ́yìn ọkọ̀.

Àṣé ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Òǹdè aláwọ kan ló wà lórí ọmọrí táǹkì, wọ́n fi ìda lẹ̀ ẹ́ pa yíká. Ó ṣí etí rẹ̀ díẹ̀.

Fììì!

Afẹ́fẹ́ fà wọlé. Ọ̀rọ̀ yé e. Táǹkì kò rí ibi mí. Bí ẹni tó ń fa omi mu lẹ́nu ìgò tí kò jẹ́ kí atẹ́gùn wọ̀ ọ́, bó pẹ́ bó yá, omi kò ní wá mọ́.

"Ọ̀gá, ta ló lẹ eléyìí?"

"Èmi ni, láàárọ̀ yìí. Kí ọta má bàa ba táǹkì. O ò gbọdọ̀ yọ ọ́."

"Òun ló ń fún ọkọ̀ lọ́rùn. Ẹ jẹ́ kí n ṣí i, ká lè gbé àbúrò mi dé ilé ìwòsàn."

Àrìrà rẹ́rìn-ín. "Jù ú sórí ìyẹ̀fun pákó yẹn ká máa lọ. Òkú kì í pín wúrà."

"Bùọ̀dá, òùngbẹ ń gbẹ mí," ni àbúrò rẹ̀ ń wí nínú ọkọ̀.

Dẹ́rẹ́bà fi ojú ìkórìíra wo Àrìrà. Ó tẹ ìda náà padà, ó fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ yíká, ó le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

"Mi ò yọ ọ́ mọ́. Ṣùgbọ́n bí a bá fi àbúrò mi sílẹ̀ síbí, ó lè dárúkọ wa kó tó kú."

Àrìrà ronú. "Òótọ́ ni. Odò la máa sọ ọ́ sí."

Vùùùù!

Dẹ́rẹ́bà kò gba ọ̀nà odò. Ìṣẹ́jú márùn-ún péré ni atẹ́gùn tó ti wọ táǹkì fún un kí ọkọ̀ tún tó kú, ó sì mọ ibi tó ń lọ.

"Ibo lò ń gbà yìí?"

"Ọlọ́pàá ti dí ọ̀nà tó kù."

Ní orí òkè, ẹ́ńjìnnì wúkọ́, ó kú. Dẹ́rẹ́bà jẹ́ kí ọkọ̀ máa yí sọ̀ kalẹ̀ fúnra rẹ̀, títí ó fi dúró níwájú ilé ìwòsàn ìjọba. Ọlọ́pàá mẹ́ta wà lẹ́nu géètì.

"Ṣíná sí i!" ni Àrìrà pariwo.

Dẹ́rẹ́bà yọ kọ́kọ́rọ́, ó jù ú gba ojú fèrèsé. "Kò ní dáhùn. Òǹdè ẹ ń ṣiṣẹ́."

Gbàù! Ọta wọ ọ́ léjìká. Kí Àrìrà tó yìn ín lẹ́ẹ̀kejì, àwọn ọlọ́pàá ti ṣílẹ̀kùn, wọ́n wọ́ ọ bọ́ sílẹ̀, wọ́n sì fi orúnkún tẹ̀ ẹ́ lọ́rùn mọ́ ọ̀dà.

Wọ́n dé ọ̀dọ̀ Dẹ́rẹ́bà. Kò mira. Ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì tó tẹ̀ ba àbúrò rẹ̀ ló ń wò, ẹ̀rù sì ń bà á ju ti ìbọn lọ.

"Ó ṣì ń mí," ni nọ́ọ̀sì wí. "Ẹ gbé e wọlé kíá."

Ìgbà náà ni Dẹ́rẹ́bà tó na ọwọ́ kan ṣoṣo tó ṣì lè gbé fún ṣẹkẹṣẹkẹ.